Orí Kẹfà: John Stuart Mill lórí Òmìnira Ẹnì Kọ̀ọ̀kan àti Agbára Àwùjọ

Ìwé tí John Stuart Mill tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1859, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ On Liberty, èyí tí a lè túmọ̀ sí Nípa Òmìnira, kò gùn. Orí márùn-ún péré ló ní, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì dá lé: títí dé ibo ni ó tọ́ kí àwùjọ fi agbára darí ìgbésí ayé ẹnì kan tó wà láàárín rẹ̀? Ìbéèrè yìí jẹ́ ti ìmọ̀ ọgbọ́n-orí nípa ìṣèlú, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń wádìí ohun tó fún aláṣẹ ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ, tó sì ń béèrè ibi tó yẹ kí àṣẹ náà pin sí. Àwọn tó dáhùn rẹ̀ bíi ti Mill, tí wọ́n fi òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ìpìlẹ̀ ìlú tó dára, ni a ń pè ní líbẹ́rà. Ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá fi ọdún tí ìwé náà jáde sọ́kàn, nítorí ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 kan náà ni míṣọ́nárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tí a ń pè ní Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀ ju àkókò lọ, àmọ́ ayé tí Mill ń bá sọ̀rọ̀ kò jìnnà sí ayé àwọn baba ńlá Yorùbá tó bí àwọn kan ṣe rò.

Àwọn kan máa ń ṣàlàyé Mill bí ẹni pé ìjọba nìkan ni ó ń bá jà. Àlàyé náà kò kún tó. Òótọ́ ni pé Mill kò fẹ́ kí ọlọ́pàá àti adájọ́ ráyè wọ ibi tí kò kàn wọ́n, ṣùgbọ́n agbára tí ó ká a lára jù ni èyí tí Yorùbá ń pè ní ẹnu ayé, ìyẹn ìdájọ́ aládùúgbò, ẹbí, ìjọ àti ẹgbẹ́, agbára tí kò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí kò sì nílò rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí èyí yóò ka ìwé náà tán láì mọ ohun tó ń dun ẹni tó kọ ọ́.

Ẹni tó kọ ìwé náà

Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1806 ni wọ́n bí Mill. Bàbá rẹ̀, James Mill, ọmọ Scotland, jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ọmọlẹ́yìn Jeremy Bentham (1748–1832), ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ẹ̀kọ́ ire-ọ̀pọ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ ire-ọ̀pọ̀ sọ ni pé ayọ̀ àti ìrora ni òṣùwọ̀n ìwà àti òfin: èyí tó bá mú ayọ̀ tó pọ̀ jù lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló dára, èyí tó bá dá kún ìrora wọn ni kò dára. James Mill pinnu láti fi ọmọ rẹ̀ han ayé bí ẹ̀kọ́ tó gún régé ṣe lè tún ènìyàn ṣe tó. Kò rán an lọ sí ilé-ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ nílé, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ èdè Gíríìkì ní ọmọ ọdún 3, ó fi Látìnì kún un ní ọmọ ọdún 8, bàbá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ní ọdún 1826, nígbà tí Mill jẹ́ ẹni 20 ọdún, ìbànújẹ́ ńlá dé bá a. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá inú òun yóò dùn bí gbogbo àtúnṣe tí òun ń jà fún bá wá sí ìmúṣẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọkàn rẹ̀ sì dá a lóhùn pé rárá. Ewì Wordsworth wà lára ohun tó gbé e dìde, èyí tó yani lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fi ìṣirò àti àríyànjiyàn tọ́ dàgbà. Láti ìgbà náà ni ó ti gbà pé ayọ̀ kì í ṣe ohun tí a lè wọ̀n fún ènìyàn bí ẹni ń wọn gàrí lọ́jà, pé inú olúkúlùkù ni ó ti ń hù, àti pé ẹni tí wọ́n bá gbẹ́ bí ère, bó ti wù kí ọwọ́ agbẹ́gilére mọ́ tó, ohun kan ṣì ṣaláìsí nínú rẹ̀. Kò kọ ẹ̀kọ́ Bentham sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí inú rẹ̀ padà.

Láti 1823 títí di 1858 ni ó fi ṣiṣẹ́ ní East India Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tó ti di alákòóso apá tó pọ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà lórúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yìí yóò tún jẹ yọ níwájú, nítorí ó wọ inú ìwé òmìnira náà lọ́nà tí kò wuyì. Ní 1830 ni ó mọ Harriet Taylor, obìnrin tó wà nílé ọkọ. Ìbárẹ́ wọn di ohun tí àwọn ènìyàn Lọ́ńdọ̀nù ń sọ lẹ́yìn fún nǹkan bí 20 ọdún, títí ọkọ Harriet fi kú ní 1849, tí àwọn méjèèjì sì ṣe ìgbéyàwó ní 1851; ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀ ni wọ́n yẹra fún nítorí ọ̀rọ̀ náà. Mill sọ pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni Nípa Òmìnira. Harriet kú ní Avignon, ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kọkànlá 1858, nígbà tí wọ́n ṣì fẹ́ ṣe àtúnṣe rẹ̀ kẹ́yìn, Mill sì tẹ ìwé náà jáde bó ṣe wà, ó fi sọrí rẹ̀.

Ọba, ìjọba àti ẹnu ayé

Ní àtijọ́, ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní òmìnira ni ààbò kúrò lọ́wọ́ ọba. Ọba jẹ́ ẹnì kan, ìlú jẹ́ ẹlòmíràn, ohun tí ìlú sì ń wá ni òfin tí yóò so ọba lọ́wọ́ kí ó má baà fi ìlú ṣe ìkógun. Nígbà tó yá, tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbò yan alákòóso wọn, àwọn kan rò pé ìṣòro náà ti tán: bí ìlú bá ń ṣàkóso ara rẹ̀, kí ni ìlú tún ń bẹ̀rù? Ta ni yóò jẹ gàba lé ara rẹ̀ lórí?

Mill ní àṣìṣe wà nínú ìrònú yẹn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní ìlú nígbà tí àṣẹ ń jáde kì í ṣe àwọn kan náà tí àṣẹ ń bà lé lórí ní gbogbo ìgbà. Ìlú tó ń pàṣẹ ni àwọn tó pọ̀ jù, tàbí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe lè mú kí ayé gbà pé àwọn ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ yìí sì lè fẹ́ ni àwọn díẹ̀ lára gan-an bí ọba ti máa ń ṣe. Èyí ni ìjẹgàba ọ̀pọ̀. Alexis de Tocqueville, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọba tiwa-n-tiwa ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní apá méjì ní 1835 àti 1840, Mill sì kọ àgbéyẹ̀wò lórí apá méjèèjì.

Ohun tí Mill wá fi kún un ni pé ìjẹgàba ọ̀pọ̀ kò ní láti gba ọwọ́ ìjọba kọjá. Òfin ìlú lè dákẹ́ lórí irú aṣọ tí ènìyàn wọ̀, irú ẹni tó fẹ́, ibi tó ti ń jọ́sìn tàbí pé kò jọ́sìn rárá, kí àwùjọ sì fìyà jẹ ẹni náà fún un láì gbé e dé kóòtù: wọn kò ní í bá a rajà, wọn kò ní í gbà á síṣẹ́, wọn yóò kọ ọmọ rẹ̀ ní ìyàwó. Ẹni tó bá ní owó tó ń jẹ lọ́wọ́ lè fara da èyí, nítorí oúnjẹ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ó ń jáde wá oúnjẹ òòjọ́ ni ẹnu ayé máa ń pa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu ayé le ju òfin lọ ní ọ̀nà kan, nítorí òfin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ayé a sì wọlé. Ó lè dé ibi tí ènìyàn kò ní í mọ̀ mọ́ pé òun ní ìfẹ́ tí kì í ṣe ti ọ̀pọ̀, tí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ ẹni tó wà ní ipò òun dípò ohun tó wù ú. Mill kò rí òǹdè tó burú ju èyí lọ, torí òǹdè tó mọ̀ pé a de òun ṣì lè jà.

Ìlànà ìpalára

Ìdáhùn Mill sí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ orí yìí ni àwọn onímọ̀ wá mọ̀ sí ìlànà ìpalára. Ìlànà náà ni pé ìdí kan ṣoṣo tí àwùjọ fi lè lo agbára lórí àgbàlagbà tó ní làákàyè, yálà agbára òfin tàbí agbára ẹnu ayé, láì jẹ́ pé ẹni náà fẹ́ ẹ, ni láti dènà ìpalára fún ẹlòmíràn. Pé ohun náà yóò ṣe òun fúnra rẹ̀ láǹfààní kò tó. Pé ọ̀pọ̀ rò pé ó bójú mu kò tó. A lè gbà á níyànjú, a lè bẹ̀ ẹ́, a lè bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a tilẹ̀ lè ta kété sí i bí ìwà rẹ̀ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn. Àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú un.

Ọ̀rọ̀ méjì ni Mill fi pààlà. Àkọ́kọ́ ni ohun tí a lè pè ní ọ̀ràn ara ẹni, ìyẹn ìwà tó jẹ́ pé ẹni tó hù ú ni àbájáde rẹ̀ bà lé ní tààrà. Èkejì ni ọ̀ràn tó kan ẹlòmíràn. Nínú ti àkọ́kọ́, olúkúlùkù ni ọba lórí ara rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀. Nínú ti èkejì, àwùjọ ní ẹ̀tọ́ láti dá sí i, ṣùgbọ́n pé ó ní ẹ̀tọ́ kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ dá sí i nígbà gbogbo. Oníṣòwò tó ta ọjà rẹ̀ pọ́ọ́kú pa ẹlòmíràn lára ní ti èrè, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó yege ìdánwò tí ẹlòmíràn fi wá iṣẹ́ kan náà tì. Mill kò rí ìdí tí òfin yóò fi gbèjà ẹni tó fìdí rẹmi, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí jìbìtì tàbí ipá níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó fi ìlànà yìí hàn dáadáa jù lọ ni ti oníṣòwò ọkà. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn tó ń ta ọkà ló ń febi pa àwọn tálákà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ irọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí inú ń bí bá kóra jọ síwájú ilé oníṣòwò ọkà kan, tí ẹnì kan sì dìde láàárín wọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó ti di ẹni tí òfin lè mú. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ibi tó ti jáde ló yí padà. Nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ ní láti gba inú ìrònú òǹkàwé kọjá kó tó di ìwà, ẹlòmíràn sì láǹfààní láti dáhùn; lẹ́nu ọ̀nà oníṣòwò, kò sí àyè ìrònú láàárín ọ̀rọ̀ àti òkúta.

Ó tún yẹ kí a ya ìpalára sọ́tọ̀ kúrò lára ìríra. Ẹni tó rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ ohun tí ẹ̀sìn tirẹ̀ kà léèwọ̀ lè bínú débi pé kò ní í lè sùn, ṣùgbọ́n ìbínú náà, ní ojú Mill, kò fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Bí ìríra bá di ìpalára, kò ní í sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, nítorí kò sí ìwà láyé tí kò ní ẹni tó kórìíra rẹ̀.

Kí ni Mill gbé ìlànà náà kà? Àwọn líbẹ́rà tó ṣáájú rẹ̀, bíi John Locke, sọ pé ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ àbínibí. Mill kò tọ ọ̀nà yẹn. Ó ní ire ẹ̀dá ni òun gbé e kà, ṣùgbọ́n ire ní ìtumọ̀ tó gbòòrò, ire ẹni tó ṣì ń dàgbà sí i. Níbí ni a ti rí ọmọ Bentham àti ẹni tó bọ́ nínú ìbànújẹ́ 1826 tí wọ́n di ẹnì kan. Àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé méjèèjì kò tíì bára mu tán títí dòní.

Òmìnira láti ronú àti láti sọ̀rọ̀

Orí kejì ìwé náà ló gùn jù, òun náà sì ni àwọn akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí jù. Mill bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ nítorí pé ó dá a lójú pé irọ́ ni onítọ̀hún ń sọ. Ó ní ẹni náà ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kò lè ṣìnà. Kì í ṣe pé ó gba ohun kan gbọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ló gba nǹkan gbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó dá ẹjọ́ náà fún àwọn ẹlòmíràn láì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹnu ẹnì kejì. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tí Mill ń pe àwọn tó ń dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nìyẹn, àfi pé ó fi kún un pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣìkà sí jù.

Ìdí ni pé èrò tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ lè jẹ́ òótọ́. Athens dá ikú fún Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, ní ọdún 399 kí a tó bí Jésù, àwọn tó dá a lẹ́jọ́ kì í sì í ṣe aláìnítìjú ènìyàn. Marcus Aurelius, ọba Róòmù láti 161 sí 180, wà lára àwọn aláṣẹ tó ní ìwà pẹ̀lẹ́ jù nínú ìtàn, síbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn Kristẹni. Mill yan àpẹẹrẹ yìí pẹ̀lú ọgbọ́n, nítorí Kristẹni ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀: bí ẹni rere bíi Marcus bá lè ṣìnà tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fi ọwọ́ sọ̀yà? Kò sì gba ọ̀rọ̀ ìtùnú pé òótọ́ máa ń borí nígbẹ̀yìn. Ó rán òǹkàwé létí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn kan ti dìde láti tún ìjọ ṣe kí Luther tó dé, tí wọ́n sì pa wọ́n rẹ́. Àǹfààní tí òótọ́ ní ni pé bí wọ́n bá pa á lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn lè tún ṣàwárí rẹ̀.

Èrò náà sì lè jẹ́ àṣìṣe pátápátá, síbẹ̀ kí dídí i lọ́wọ́ pa àwọn tó ní òótọ́ lára. Ẹ̀kọ́ tí kò rí alátakò rí a máa gbẹ bí ewé. Àwọn tó gbà á yóò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí bí ọmọ ilé-ìwé ti mọ àkọ́sórí, ṣùgbọ́n wọn kò ní í mọ ìdí rẹ̀, kò sì ní í yí ìwà wọn padà. Bóyá níbí ni ọ̀rọ̀ Mill ti wúlò jù fún ilé-ìwé, nítorí ó ní ẹni tó mọ apá tirẹ̀ nìkan nínú àríyànjiyàn kò mọ apá tirẹ̀ náà dáadáa, àti pé kò tó kí olùkọ́ rẹ̀ ròyìn ọ̀rọ̀ alátakò fún un. Ẹnu ẹni tó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn ló ti yẹ kó gbọ́ ọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán fún Mill. Ní 1857, wọ́n rán Thomas Pooley, òṣìṣẹ́ kan ní Cornwall, ní ẹ̀wọ̀n oṣù 21 nítorí ọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn Kristẹni tó kọ sára géètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn kan wà tí kóòtù kò gba ẹ̀rí wọn nítorí pé wọ́n sọ òótọ́ pé àwọn kò gba Ọlọ́run gbọ́, èyí tó já sí pé kóòtù gba ẹ̀rí aláìgbàgbọ́ tó bá ti lè purọ́, ó kọ ti èyí tó sọ òtítọ́.

Jíjẹ́ ara ẹni

Ìtumọ̀ jíjẹ́ ara ẹni ni kí ìfẹ́ àti ìwà ènìyàn jẹ́ tirẹ̀, kí ó ti inú rẹ̀ hù, kí ó má jẹ́ ẹ̀wù tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Mill gba ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ Wilhelm von Humboldt, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì. Ó fi ènìyàn wé igi tó ń yọ ẹ̀ka síhìn-ín sọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí agbára inú rẹ̀ ti darí rẹ̀, ó ní kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n tò láti ṣe iṣẹ́ kan. Nítorí náà ni ó fi fẹ́ kí àwùjọ fàyè gba oríṣiríṣi ọ̀nà ìgbé ayé bí ó ti fàyè gba oríṣiríṣi èrò, kí ẹni tó bá fẹ́ dán ọ̀nà tuntun wò lè dán an wò, kí àwọn yòókù sì wo ibi tó já sí. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà.

Kì í ṣe pé àṣà kò dára lójú rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé àṣà lẹ́yìn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò ti yàn. Ẹni tó tẹ̀lé e nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kò yan nǹkan kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé Mill kò ní sùúrù fún àwọn ènìyàn lásán. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn olóye díẹ̀ ni iyọ̀ ayé, tí ọ̀pọ̀ sì jẹ́ omi tó ń tú iyọ̀ náà. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn alágbẹ̀dẹ, oníṣọ̀nà àti oníṣòwò ṣe ń dá ọgbọ́n tuntun láti inú àṣà tí wọ́n jogún yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ààlà ti ṣòro

Mill mọ̀ pé ìlànà rẹ̀ kò ní í dúró láì sí àpẹẹrẹ, ó sì kó wọn jọ sí orí karùn-ún. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba orí afárá tó ti jẹrà kọjá, tí kò sì sí àyè láti kìlọ̀ fún un, ẹni tó rí i lè dì í mú, nítorí kì í ṣe ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ ni kí ó já sínú odò. Bí ó bá ti mọ̀ pé afárá náà kò dára, ìkìlọ̀ ni ẹ̀tọ́ wa mọ. Bákan náà ni májèlé: kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé májèlé ni, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe dí títà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò fara mọ́ òfin ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, tó ka ọtí títà léèwọ̀ ní 1851. Síbẹ̀, kò gbà pé ènìyàn lè ta ara rẹ̀ sí oko ẹrú, torí ẹni tó bá lo òmìnira láti fi sọ òmìnira nù ti ba ohun tó fi ń ṣe ẹjọ́ jẹ́.

Àtakò tó lágbára jù ni pé kò sí ọ̀ràn ara ẹni láyé yìí. Ọ̀mùtí a máa gbọ́ bùkátà ta? Ọmọ rẹ̀ ń sùn ní ebi, ìyàwó rẹ̀ ń yá owó, ẹbí rẹ̀ ń tijú. Èsì Mill ni pé kí wọ́n fìyà jẹ bàbá náà nítorí pé kò bọ́ ọmọ rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó mutí. Bí owó ilé bá bá tẹ́tẹ́ tàbí òwò tó dà rú lọ, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Ọlọ́pàá tó mutí yó lẹ́nu iṣẹ́ jẹ̀bi, ẹni tó mutí yó nílé rẹ̀ lálẹ́ kò jẹ̀bi. Èsì yìí lágbára ju bí àwọn alátakò ṣe máa ń gbà lọ, nítorí ó fipá mú aláṣẹ láti sọ ojúṣe tí ẹni náà kùnà gan-an, dípò kí ó máa lu ìwà tí kò fẹ́ràn.

James Fitzjames Stephen, tó di adájọ́ lẹ́yìn náà, fi odidi ìwé kan ta ko Mill ní 1873. Àríyànjiyàn náà tún dìde ní 1957, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Wolfenden ṣe alága rẹ̀ dábàá pé kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì má fìyà jẹ àgbàlagbà ọkùnrin méjì fún ìbálòpọ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Adájọ́ Patrick Devlin ní àwùjọ tó bá sọ ìwà tí gbogbo rẹ̀ jọ gbà nù yóò tú ká, H. L. A. Hart, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Oxford, dá a lóhùn láti inú ìwé Mill, pé ìyípadà nínú ìwà àwùjọ kì í ṣe ìtúká rẹ̀. Àbá ìgbìmọ̀ náà di òfin ní England àti Wales ní 1967.

Àwọn tí Mill yọ sílẹ̀

Ìlànà òmìnira náà kò wà fún gbogbo ènìyàn. Mill yọ àwọn ọmọdé, ó sì yọ àwọn tó pè ní aláìlajú, ó ní ìjọba àpàṣẹwàá tọ́ sí wọn bí èrò ọkàn aláṣẹ bá jẹ́ láti tún wọn ṣe. Ẹni tó fi ọdún 35 jẹun nínú ìjọba Íńdíà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá pinnu ìgbà tí ènìyàn ti lajú tó? Ẹni tó ń ṣàkóso wọn ni, kò sì sí ọ̀gá tí í kánjú kéde pé ẹrú òun ti gbọ́n. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú pẹ̀lú ọkọ̀ ogun lójú ọ̀sà. Irú ìrònú pé àwọn kan kò tíì tó ẹni tí a ń bi léèrè ni wọ́n fi ń dá irú ìwà bẹ́ẹ̀ láre. Mill tó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kò lè ṣìnà gbàgbé ọ̀rọ̀ náà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà.

Kí a má ṣe gbàgbé apá kejì, síbẹ̀. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú dìde ní Morant Bay ní Jàmáíkà ní 1865, tí Gómìnà Eyre sì jẹ́ kí wọ́n pa àwọn tó lé ní 400, Mill, tó ti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lọ́dún yẹn láti ṣojú Westminster, ṣe alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbé Eyre lọ sí kóòtù fún ìpànìyàn. Wọn kò borí.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin

Lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ni Mill ti tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ dé òpin. Kí ó tó fẹ́ Harriet ní 1851, ó kọ ìwé sílẹ̀ pé òun kọ gbogbo agbára tí òfin ìgbéyàwó fún ọkọ lórí ara, ohun ìní àti òmìnira ìyàwó rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe rẹ obìnrin sílẹ̀ jáde ní 1869, ó sì sọ níbẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí ẹ̀dá obìnrin jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ayé àti òfin bá ti tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ igi láti kékeré, tí wọ́n wá ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ṣáájú èyí, ní 1867, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ń jíròrò òfin ìbò tuntun, ó dábàá kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ènìyàn rọ́pò èyí tó túmọ̀ sí ọkùnrin. Aṣòfin 73 fara mọ́ ọn, 196 kọ̀ ọ́. Mill pàdánù ipò rẹ̀ nínú ìdìbò ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì kú ní Avignon ní oṣù Karùn-ún 1873, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Harriet. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dìbò lọ́gbọọgba pẹ̀lú ọkùnrin títí di ìgbà tí òfin ọdún 1928 jáde.